Kí Ọ̀rọ̀ Orin Lè Dé Etí Ará Ẹ̀yìn: Bí A Ṣe Ń To Ìró fún Ẹgbẹ́ Olórin Mẹ́ta ní Gbọ̀ngàn Kékeré

Gbọ̀ngàn ti kún. Dírọ́ọ̀mù ń dún kíkankíkan, gìtá ń ké, ẹnu akọrin ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ẹni tó jìnnà díẹ̀ sí ìtàgé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tó ń kọ. Ẹnì kan sáré lọ sídìí míkísà, ẹ̀rọ tí a fi ń pa gbogbo ìró pọ̀, ó gbé ohùn sókè. Máìkì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, gbogbo èèyàn fọwọ́ dí etí. Ó dín in kù, ọ̀rọ̀ tún sọ nù. Bí ẹ bá ti ṣètò eré rí fún àwọn ẹgbẹ́ olórin àdúgbò ní gbọ̀ngàn tó gba èèyàn 50 sí 150, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ rò ni pé ẹ̀rọ wọn kò lágbára tó, wọ́n á sì lọ yá sípíkà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá kékeré, dírọ́ọ̀mù àti áńpù gìtá (ẹ̀rọ tí ń gbé ìró gìtá sókè) ti gba gbogbo inú ilé kí ẹnikẹ́ni tó tan sípíkà rárá. Ohùn èèyàn nìkan ni kò lè dá dúró láàárín wọn. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ mú ariwo orí ìtàgé wálẹ̀ títí ohùn á fi rí ibi gbà kọjá. Ẹni tó bá ní èyí lọ́kàn, sípíkà méjì tí kò tóbi púpọ̀ á tó o.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Sípíkà ńlá méjì, ìyẹn àwọn tó máa kọjú sí èrò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin tó lè gbé wọn ga kọjá orí ẹni tó dúró.
- Míkísà. Oníhò 12 sí 16 tó fún ẹgbẹ́ mẹ́ta. Oníhò 8 náà lè tó bí ẹ bá fara balẹ̀ yan ohun tó máa gba inú rẹ̀ kọjá.
- Máìkì kan fún akọrin kọ̀ọ̀kan tó máa wà lórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọ̀kan lé. Irú tí wọ́n ń pè ní dynamic, tí kì í gba iná láti inú míkísà, ló dára jù fún yàrá aláriwo.
- Mọ́nítọ̀ méjì, ìyẹn sípíkà tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ kọjú sí olórin kí ó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀.
- Àpótí DI, ìyẹn àpótí kékeré tí ń sọ ìró ohun èlò di èyí tí wáyà máìkì lè gbé lọ jìnnà, méjì tàbí mẹ́ta fún kíbọ́ọ̀dù, gìtá onígi àti kọ̀ǹpútà.
- Wáyà XLR, ìyẹn wáyà máìkì, tó tó, àti mẹ́ta lé. Nínú gbogbo ẹrù yìí, wáyà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.
- Ẹ̀kísíténṣọ̀n tó ní áàtì (wáyà ààbò tí ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀), téèpù aláṣọ, máákà, bébà, tọ́ọ̀ṣì, àti rọ́ọ̀gì kan tó lè gba dírọ́ọ̀mù.
- Fóònù tó ní áàpù tí ń wọn ariwo, àti áàpù tí ń fi iye Hz ìró hàn, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan: bí iye náà bá ṣe kéré tó ni ìró ṣe ń lọ sísàlẹ̀.
- Ìdítí fún ẹni tó bá fẹ́, pàápàá fún àwọn ọmọdé.
- Ẹnì kan tí kì í bá ẹgbẹ́ kankan ṣeré lálẹ́ ọjọ́ náà, tó máa dúró nídìí míkísà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí ló ṣòro rí jù nínú àkọsílẹ̀ yìí, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Onígìtá tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìtàgé wá yí bọ́tìnnì kò lè mọ ohun tí ará ẹ̀yìn ń gbọ́.

1. Ẹ gba àlàyé lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú

Ẹ fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: Ẹ tó mélòó? Ta ló ń kọrin, ta ló ń gbè é? Ohun èlò wo lẹ máa mú wá, èwo ló ní áńpù tirẹ̀? Níbo ni olúkúlùkù máa ń dúró? Kí wọ́n ya àwòrán ìdúró wọn sórí bébà, kí wọ́n sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Kò di dandan kí àwòrán náà rẹwà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ẹnu kò lórí ohun tí gbogbo wọn máa jọ lò. Dírọ́ọ̀mù kan ṣoṣo àti áńpù bééṣì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lórí ìtàgé kékeré. Onílù kọ̀ọ̀kan á mú snare tirẹ̀ wá, ìyẹn ìlù pẹlẹbẹ aláriwo inú dírọ́ọ̀mù, pẹ̀lú aro rẹ̀, ìyẹn àwọn abọ́ idẹ pẹlẹbẹ orí dírọ́ọ̀mù, àti irin tí ó fi ń fẹsẹ̀ lu ìlù ńlá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló máa ń ya tàbí ṣẹ́, ara olúkúlùkù sì ti mọ́ tirẹ̀. Ẹ béèrè dírọ́ọ̀mù ta ni wọ́n máa lò, kí ẹni náà sì fẹnu ara rẹ̀ gbà pé àwọn yòókù lè lò ó. Má ṣe jẹ́ kó di ìjíròrò lórí ìtàgé nígbà tí èrò ti ń wọlé.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ tó bá dáhùn pé, “Ẹ má ṣèyọnu, a máa mú gbogbo nǹkan wá.” Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa dé pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù méjì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀, láìsí wáyà.

Láti mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti parí: ẹ kọ gbogbo ohun tó máa wọ inú míkísà sílẹ̀, láti ihò kìíní dé ìkẹyìn. Ohùn ni kó gba àwọn ihò àkọ́kọ́, kí ó sì wà ní ihò kan náà fún ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ihò kò bá tó, máìkì dírọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn rẹ̀ ti áńpù gìtá. Ní gbọ̀ngàn kékeré, wọn kì í nílò rẹ̀.

2. Ẹ to ìtàgé

Gbé rọ́ọ̀gì sílẹ̀, kí dírọ́ọ̀mù wà lórí rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìtàgé. Ẹ má ṣe ki í bọ igun ilé, torí pé igun máa ń fi kún ìró ìsàlẹ̀, gbogbo nǹkan á sì máa kùn. Bí aṣọ títa tó nípọn bá wà, ẹ ta á sára ògiri tó wà lẹ́yìn dírọ́ọ̀mù. Ògiri lásán máa ń ju ìró aro padà sẹ́nu máìkì.

Sípíkà ńlá méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níwájú gbogbo máìkì. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbójú fò nítorí àyè kékeré: wọ́n á gbé sípíkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù, máìkì á máa gbọ́ ohun tó ti ẹnu sípíkà jáde, á tún gbé e padà sínú míkísà, òun náà á tún gba inú sípíkà jáde. Bí ìyípo yẹn bá ti lágbára tó, ó di súfèé. Ẹ gbé wọn ga kọjá orí èrò, kí ẹ sì dojú wọn kọ àárín gbọ̀ngàn dípò ògiri ẹ̀gbẹ́. Tí sípíkà bá wà lágbègbè àyà, ara àwọn tó wà níwájú á gba gbogbo ìró òkè, ìyẹn ibi tí kọ́ńsónáǹtì inú ọ̀rọ̀ wà, ará ẹ̀yìn á sì máa gbọ́ kìkì ìkùn.

Ó wá ku áńpù gìtá. Onígìtá máa ń gbé áńpù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìró rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀ kọjá lọ bá ẹni tó jókòó níwájú, òun alára kò sì gbọ́ ọ dáadáa, nítorí náà ó ń yí i sókè. Ẹ gbé áńpù náà sórí àga tó dúró gírí tàbí kí ẹ fi nǹkan tì í kó dagun sẹ́yìn, kó máa wo etí ẹni tó ni ín. Ẹ ó rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló máa dín in kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí akọrin dúró gan-an níwájú dírọ́ọ̀mù bí àyè bá wà. Máìkì tó kọjú sí ẹnu rẹ̀ kọjú sí aro náà. Bí ẹ bá ń gbé ohùn sókè, ẹ ń gbé aro sókè pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì sí ẹ̀gbẹ́ ti ṣe ìyàtọ̀.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò rọrùn: ẹ dúró síbi tí máìkì kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ wo ọ̀tún àti òsì. Bí ojú yín bá lè rí iwájú sípíkà ńlá, máìkì náà ń rí i. Ẹ gbé sípíkà síwájú sí i tàbí kí ẹ fa máìkì sẹ́yìn.

3. Iná àti wáyà

Ibi iná kan náà ni kí míkísà, sípíkà àti gbogbo áńpù orí ìtàgé ti máa fa iná, bí agbára iná ibẹ̀ bá lè gbé e. Bí wọ́n bá tú ká sí oríṣiríṣi ojú iná, áàtì wọn lè máà dọ́gba, ìkùn 50 Hz tàbí 60 Hz á sì gba gbogbo sípíkà. Ẹ jẹ́ kí àwọn gílóòbù ìtàgé gba ojú iná mìíràn.

Ìkìlọ̀ gidi rè é: ẹ má ṣe gé áàtì, ẹ má sì fi téèpù bò ó, nítorí pé ìkùn ń yọ yín lẹ́nu. Olórin tó di gìtá mú tí ẹnu rẹ̀ wà lára máìkì lè fi ara rẹ̀ so ẹ̀rọ méjì pọ̀, bí ọ̀kan kò bá sì ní áàtì, iná lè gbé e. Bọ́tìnnì kan wà lára àpótí DI tí wọ́n kọ ground lift sí. Òun ni kí ẹ tẹ̀. Ara wáyà ìró nìkan ló ti ń já áàtì, kò kan ti iná.

Wáyà jáàkì lásán tó bá gùn ju mítà 6 lọ máa ń gba ariwo sára. Ẹ jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù gba inú àpótí DI tó wà nítòsí rẹ̀, kí XLR gbé e dé ìdí míkísà. Bí ohunkóhun bá nílò iná 48 V láti inú míkísà, ẹ pa ihò yẹn lẹ́nu mọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sípíkà á gbá bí ìbọn. Fún ìdí kan náà, míkísà ni à ń kọ́kọ́ tàn, sípíkà la máa ń tàn kẹ́yìn. Nígbà tí a bá ń pa wọ́n, sípíkà ló ń kọ́kọ́ kú.

Ẹ fi téèpù lẹ wáyà mọ́lẹ̀ níbikíbi tí ẹsẹ̀ máa gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo ihò sókè díẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣeré, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Bí ìkùn bá wà, ẹ máa pa ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́nu mọ́ títí tó máa fi dákẹ́. Ihò tó dákẹ́ lé lórí ni ẹlẹ́bi.

4. Ohùn àti dírọ́ọ̀mù ni ẹ ó kọ́kọ́ dán wò

Ní àwọn gbọ̀ngàn ńlá, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ìró, snare a tẹ̀ lé e, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ohùn á fi kàn lẹ́yìn gbogbo wọn. Àwọn tó wo irú rẹ̀ máa ń gbé e wá sí yàrá kékeré. Wákàtí kan á ti lọ lórí ìlù tí gbogbo ilé ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ló máa kù fún ohùn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ní yàrá kékeré, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rẹlẹ̀ jù.

Kí onílù ṣe orin tó le jù lọ nínú àkójọ wọn, òun nìkan, láìsí máìkì kankan lára dírọ́ọ̀mù. Kí akọrin kọ orin náà sí i láti inú sípíkà. Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ta yọ lórí dírọ́ọ̀mù kí máìkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, inú ire lẹ wà. Bí kò bá ta yọ, kò sí bí áńpù gìtá ṣe máa wọlé tí nǹkan máa fi dára. Ẹ yanjú dírọ́ọ̀mù ná.

Bíbẹ onílù pé kó “rọra lù” kì í pẹ́ kó tó tán. Ó máa gbà, ó máa rọra lù nígbà ìdánwò, ṣùgbọ́n tí èrò bá ti ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Kì í ṣe oríkunkun, ara ló gbóná. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ yí ohun èlò padà: ọ̀pá ìlù tó fúyẹ́, tàbí irú èyí tí wọ́n fi ọ̀pá wẹ́wẹ́ dì pọ̀, aro kékeré tó tín-ínrín, aṣọ díẹ̀ nínú ìlù ẹlẹ́sẹ̀, téèpù tí a ká pọ̀ lé ojú snare. Ẹ bá a sọ ọ́ nígbà tí ẹ ń fi ìbéèrè ránṣẹ́, kí ó lè mú wọn wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí bééṣì wọlé, títí tí ẹ ó fi gbọ́ ọ láìsí pé ọ̀rọ̀ bò. Lẹ́yìn rẹ̀, gìtá àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ìgbàkigbà tí ọ̀rọ̀ orin bá sọ nù, ohun tó wọlé kẹ́yìn ni kí ẹ dín kù. Bí gìtá méjì bá wà, ẹ wò ó bóyá àárín kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń dún. Kí ọ̀kan dín ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ kù lórí áńpù. Ó lè dà bíi pé ó tín-ínrín tó bá nìkan ń dún, ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ ó máa bá ara mu.

Ẹ máa dúró níwájú ìtàgé àti lẹ́yìn gbọ̀ngàn ní àsìkò yìí, ẹ má dúró sídìí míkísà nìkan. Ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ orin náà rí, kó dúró lẹ́yìn pátápátá, kó máa tún ìlà kọ̀ọ̀kan sọ fún yín. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí. Ọpọlọ wọn á máa dí àlàfo tí etí kò gbọ́.

5. Ẹ tún ohùn ṣe

Kí akọrin kọ ibi tó ti máa pariwo jù lọ nínú orin rẹ̀. Ẹ yí gain, bọ́tìnnì tí ń pinnu bí ìró ṣe lágbára tó nígbà tó ń wọ míkísà, títí iná ìwọ̀n á fi máa lọ yíká 0 lórí míkísà àtijọ́, tàbí yíká −18 lórí míkísà oníkọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé iná pupa tàn rárá. Bí ẹ bá ti fi í síbẹ̀, ẹ fi gain sílẹ̀, kí fader, bọ́tìnnì tí à ń fà sókè sódò, máa ṣe ìyókù. Ẹni tó bá ń yí gain láàárín eré ń yí mọ́nítọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni súfèé ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ lójijì.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ń gé ìró ìsàlẹ̀, kí ó gé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 80 sí 120 Hz. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, bééṣì, ẹsẹ̀ tó ń kọ lu ìdúró máìkì àti èémí ló wà níbẹ̀. Bí ohùn bá dún bíi pé ó wà nínú àgbá, ẹ dín díẹ̀ kù láàárín 200 àti 400 Hz. Bí ọ̀rọ̀ kò bá mọ́ síbẹ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un láàárín 2 àti 4 kHz (2,000 sí 4,000 Hz), ṣùgbọ́n díẹ̀ ni o, torí ibẹ̀ náà ni etí ti ń tètè rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti yọ kúrò kí ẹ tó fi kún. Ní ti ìró tó ń tàn ká bíi ti inú ihò àpáta, tí àwọn akọrin máa ń bèèrè fún, gbọ̀ngàn náà ti ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi kún un.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ akọrin. Bí ẹnu bá jìnnà sí máìkì ní ìlọ́po méjì, ohùn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní 6 dB (dB ni ìwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó), ariwo ìtàgé kò sì dín. Ìka méjì láàárín ètè àti máìkì ló tó. Ẹ sọ fún un pé kó má fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì: orí yẹn ló ní àwọn ojú tí ń jẹ́ kí máìkì kọ ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí wọ́n bá ti bò ó, á máa gbọ́ láti ibi gbogbo, súfèé á sì dé.

6. Mọ́nítọ̀, àti bí a ṣe ń lé súfèé

Ibí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ irú máìkì tí ẹ ní. Èyí tí wọ́n ń pè ní cardioid kì í gbọ́ ohun tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ̀yìn yẹn ni mọ́nítọ̀ máa wà, kọjú sí akọrin. Ti supercardioid yàtọ̀: ó ń gbọ́ díẹ̀ láti ẹ̀yìn, ibi tí etí rẹ̀ ti di jù wà ní nǹkan bíi 125° sí ọ̀tún àti òsì. Fún irú yẹn, ẹ gbé mọ́nítọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ máìkì sí èyí tó wọ́n jù, tó fi mọ́nítọ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, tó wá ń bú ẹni tó ta á fún un. Wọ́n máa ń kọ irú rẹ̀ sára máìkì tàbí sára páálí rẹ̀.

Ohùn nìkan ni kó lọ sínú mọ́nítọ̀. Onígìtá tó bá ní kí ẹ fi gìtá òun sí i, ẹ gbé áńpù rẹ̀ súnmọ́ ọn.

Báyìí ni kí ẹ ṣe lé súfèé, nígbà tí àwọn olórin kò sí lórí ìtàgé. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó wà nínú ilé kí wọ́n di etí. Ẹ ṣí máìkì kan, kí ẹ gbé mọ́nítọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí ìró kan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbọọrọ. Ẹ wo áàpù fóònù, á sọ iye Hz rẹ̀. Lórí EQ (àwọn bọ́tìnnì tí ń dín ìró òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀ kù tàbí fi kún un) mọ́nítọ̀ yẹn, ẹ dín ibẹ̀ kù ní 3 sí 6 dB, kí ibi tí ẹ gé sì tóóró. Ẹ tún gbé e sókè, òmíràn á yọjú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó bá pọ̀ jù, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ sì dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá gé ibi mẹ́wàá ti gé ohùn fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, á wá máa gbé e sókè sí i nítorí kò gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fà á sílẹ̀ ní 6 dB kí ẹ lè ní àyè.

Ẹ rántí pé nígbàkigbà tí iye máìkì tó ṣí bá di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi 3 dB ló ń lọ nínú àyè tí ẹ ní ṣáájú súfèé. Máìkì tí ẹnikẹ́ni kò lò nínú orin kan, ẹ pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ dúró síbi akọrin, ẹ sọ̀rọ̀ sínú máìkì, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ orí rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ìdúró rẹ̀, ẹ fi rìn kiri orí ìtàgé. Bí kò bá súfèé, ó ti parí.

7. Ẹgbẹ́ tó máa ṣeré kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ dán ìró wò

Ẹ yí ètò náà padà sẹ́yìn. Ẹni tó máa parí eré ló ń kọ́kọ́ dán wò, ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn, kí ohun èlò rẹ̀ sì wà lórí ìtàgé bó ṣe wà nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ẹ fún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 45, nítorí inú tirẹ̀ ni ẹ ti máa ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ òkè yìí, kí àwọn méjì tó kù gba ìṣẹ́jú 20 sí 25. Kí gbogbo rẹ̀ parí ní ìdajì wákàtí kí èrò tó wọlé.

Kí ẹgbẹ́ kan tó kúrò lórí ìtàgé, ẹ fi téèpù àwọ̀ kan sàmì síbi tí áńpù, ìdúró máìkì àti ẹsẹ̀ dírọ́ọ̀mù wọn wà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ ya fọ́tò míkísà. Bí míkísà yín bá lè fi ètò pamọ́, ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ ya fọ́tò náà síbẹ̀.

Ìṣẹ́jú 15 tó láti pààrọ̀ ẹgbẹ́ bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń gba àkókò kì í ṣe ẹrù, ìkíni ni. Onílù á parí, á dúró lórí ìtàgé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, aro rẹ̀ á ṣì wà lórí irin. Ẹ sọ fún gbogbo wọn ṣáájú pé ẹrù ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ìtàgé kì í ṣe ibi tí a ti ń tú u tàbí dì í. Kí wọ́n sì fi áàpù tàbí ẹ̀rọ tí kì í pariwo mú ìró okùn gìtá wọn bára mu.

Kí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ gba ìṣẹ́jú kan láti rí i pé gbogbo ihò ń sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ kan nínú máìkì kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù, okùn kan lórí bééṣì. Ẹ má pe orúkọ ẹgbẹ́ sórí ìtàgé kí èyí tó parí.

8. Nígbà tí eré bá ń lọ

Ìró gbọ̀ngàn tó kún kì í ṣe ti gbọ̀ngàn tó ṣófo. Ara àti aṣọ èèyàn ń mu ìró òkè, yàrá á wá rọ̀, ọ̀rọ̀ á sì lè rẹlẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà ìdánwò. Nínú orin àkọ́kọ́, ẹ rìn dé ẹ̀yìn, ẹ rìn dé ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ohùn bá fẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ fún un. Lẹ́yìn orin kejì tàbí ìkẹta, ẹ wo àwọn onígìtá. Wọ́n máa ń yí áńpù sókè díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Ẹ ti bá wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí ẹ bá nawọ́ sílẹ̀ láti ìdí míkísà, kí wọ́n fà á padà.

Ní ti bí ariwo ṣe yẹ kó pọ̀ tó, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2022 fún àwọn ibi eré ni pé kí ìpíndọ́gba ariwo má ṣe kọjá 100 dB láàárín ìṣẹ́jú 15. Fún òṣìṣẹ́, ìwọ̀n NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni 85 dB fún wákàtí 8, ìdajì àkókò yẹn sì ni fún 3 dB kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Nípa bẹ́ẹ̀, 100 dB jẹ́ ìṣẹ́jú 15 péré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ìdítí tiyín. Fóònù kì í wọn ariwo pé pérépéré, ṣùgbọ́n bó bá ń fi 103 hàn ní àárín gbọ̀ngàn, ẹ fà á wálẹ̀.

Ẹ jáde síta lẹ́ẹ̀kan nígbà eré ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìró ìsàlẹ̀ ni ògiri kì í dá dúró, aládùúgbò kì í gbọ́ orin, bééṣì ló ń gbọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ tó lọ bá oníbééṣì.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti dára: tí akọrin bá sọ àwàdà láàárín orin méjì, ṣé ará ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín nígbà kan náà pẹ̀lú ará iwájú? Tí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, ohùn ṣì kéré.

Tí ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn bá ti parí, ẹ fa gbogbo fader sílẹ̀, ẹ pa sípíkà, kí ẹ tó pa míkísà. Ẹ ká wáyà ní òbìrí ńlá, ẹ má yí i mọ́ ìgbọ̀nwọ́. Èyíkéyìí tó bá ṣe ségesège lálẹ́ náà, ẹ so téèpù pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó má bàa padà sínú àpò pẹ̀lú àwọn tó dára.